Bí Oró Bọ́ǹbù Ṣe Ń Wọnú Kànga

Ẹni tó bá ti wo ẹnu ṣakabùlà lẹ́yìn tí ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ yìn ín tán yóò rí dúdú tó kù síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tù ló ń jó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní pápá tí àwọn ológun ti ń yin àgbá dánra wò, àmọ́ ohun tó wà nínú bọ́ǹbù le ju ẹ̀tù ọdẹ lọ. Oògùn olóró méjì tó ń bú gbàù, TNT àti RDX, ni.

Bọ́ǹbù tó bú dáadáa kì í fi ju bíńtín sílẹ̀. Èyí tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ ni èyí tó bú lábọ̀, tó fọ́n oró rẹ̀ ká, àti èyí tí kò bú rárá, tó rì sínú ilẹ̀ tí irin rẹ̀ ń dípẹtà. Ẹyọ kan tó bú lábọ̀ lè da oró sílẹ̀ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún èyí tó bú tán lọ.

Òjò ló ń ṣe ìyókù. TNT máa ń lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. RDX kì í lẹ̀. Kì í tètè yòrò bí iyọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá yòrò ń bá omi lọ síbi tómi ń lọ. Agbẹ́kànga Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ọ̀nà yẹn dáadáa: iyẹ̀pẹ̀, yangí, lẹ́yìn náà àpáta tó ti rà, níbi tí omi ń kóra jọ sí.

Ní Cape Cod lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, orí omi abẹ́ ilẹ̀ táwọn ará ìlú ń mu gan-an ni pápá ológun Camp Edwards wà. RDX dé inú omi náà. Lọ́dún 1997, ìjọba ní kí wọ́n dáwọ́ yíyìnbọn dúró. Ìwọ̀n tí wọ́n kà sí ewu níbẹ̀ kéré gan-an: gíráàmù 2 péré nínú omi ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tó ń gbé lítà 10,000. Bó bá pọ̀ lára èèyàn, gìrì ló ń fà.

Ohun tó dunni ni pé omi náà ń mọ́ gaara. Sísè kò yọ oró yìí, álọ́ọ̀mù tí à ń dà sí kànga kò sì ràn án. Èédú ló ń mú un, irú èédú hóró-hóró tí wọ́n lè fi èésan tàbí èèpo àgbọn ṣe. Ní Cape Cod, wọ́n ń fa omi jáde látìsàlẹ̀, wọ́n ń gbà á kọjá nínú èédú, wọ́n sì ń dá a padà sínú ilẹ̀, ọdún lórí ọdún.