Gbèsè ni owó gbà-má-bínú, kì í ṣe àánú

Obìnrin kan jókòó níwájú mi, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí tábìlì bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù kalẹ̀. Aránṣọ ni. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà rẹ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé tí oníbàárà náà ń gbé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi ọṣẹ nu àtẹ̀gùn ọ̀hún ni. Ẹnikẹ́ni kò gbé àmì síbẹ̀, gílóòbù ibẹ̀ sì ti jó láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹni tó ni ilé wá kí i, ó bẹ̀ ẹ́ gidigidi, ó gbé owó sílẹ̀, ó sì ní kó bá òun fọwọ́ sí ìwé kan kí ọ̀rọ̀ náà lè tán nílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi fọwọ́ sí i, torí POP ṣì wà ní ọwọ́ ọ̀tún.

"Lọ́yà, ẹ wò ó," ló wí, ó sì fa àlùmọ́gàjí yọ nínú báàgì rẹ̀. Àtàǹpàkò wọ ojú ihò rẹ̀, àmọ́ àwọn ìka yòókù kò lè pa á dé. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó ṣà á, ó tún gbìyànjú, ó tún bọ́.

Ohun tó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí ni pé òun ti gba owó gbà-má-bínú, òun kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láé lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Owó yẹn kò tó èyí tó san nílé ìwòsàn.

Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé orúkọ tí à ń pe owó yìí wà lára ohun tó ń kó bá àwọn èèyàn wa. Gbà, má bínú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ìbínú ni wọ́n fẹ́ fi owó rọ̀. Tí ẹni tó ṣeni léṣe bá sì ti bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ojú á máa ti ẹni tó fara pa láti sọ pé owó náà kò tó, kí wọ́n má bàa sọ pé ó ya olójúkòkòrò. Bẹ́ẹ̀, òfin kò wo ìbínú rárá níbí. Ohun tó sọnù ló ń wò. Lọ́dún 1880, nínú ẹjọ́ kan tó jẹ mọ́ èédú tí wọ́n wà lábẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ní Scotland, adájọ́ kan tó ń jẹ́ Lord Blackburn là á mọ́lẹ̀ pé iye owó tó yẹ kí wọ́n san ni èyí tó máa dá ẹni tó pàdánù padà, bó ṣe lè ṣeé ṣe tó, sí ipò tí ì bá wà ká ní wọn ò ṣe é níbi. Orí ìlànà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ káàkiri ayé ṣì ń dúró lé dòní. Gbèsè ni. Ẹni tó jẹ yín ní gbèsè lè bẹ̀ yín, ẹ sì lè dárí jì í, síbẹ̀ gbèsè ń bẹ níbẹ̀.

Àmọ́ kí gbèsè tó wà, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó jẹ ẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti máa ń fọ́. Pé ẹ fara pa kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan jẹ yín ní nǹkan. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn jọra: ṣé ojúṣe wà lọ́rùn ẹni yẹn láti ṣọ́ra nítorí yín? Ṣé ó kùnà? Ṣé ìkùnà rẹ̀ gan-an ló fa ìpalára yín? Kí lẹ sì pàdánù?

Ẹjọ́ tí gbogbo ọmọ ilé ìwé òfin mọ̀ lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1928, ní Paisley, ní Scotland. Ọ̀rẹ́ May Donoghue ra ohun mímu atalẹ̀ fún un nílé ìtajà kan. Ìgò náà dúdú, kò sẹ́ni tó lè rí inú rẹ̀. Ó ti mu lára rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó da ìyókù, tí òkú ìgbín tó ti jẹrà sì bá a jáde, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ó ṣàìsàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sanwó, torí náà kò sí àdéhùn kankan láàárín òun àti ẹni tó tajà, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ṣe ohun mímu náà. Nígbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò máa sọ ni pé kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1932, mẹ́ta nínú àwọn adájọ́ márùn-ún ní House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà yẹn, gbè é lẹ́yìn. Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ní èèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má ṣe aládùúgbò rẹ̀ léṣe, aládùúgbò náà sì ni ẹnikẹ́ni tí ohun tí èèyàn ń ṣe lè kàn débi pé ó yẹ kó ti ro tirẹ̀ mọ́ ọn. Wọn ò tilẹ̀ wádìí bóyá ìgbín wà nínú ìgò náà lóòótọ́, torí ọ̀rọ̀ náà yanjú kó tó débẹ̀. Síbẹ̀ ìdájọ́ yẹn ló jẹ́ kí ẹni tó ṣe ọjà jẹ́ ẹni ojúṣe lójú òfin, kódà sí ẹni tí kò bá pàdé rí.

Ìkùnà wá ńkọ́? Òfin kò retí pé kí jàǹbá má ṣẹlẹ̀ láé. Ohun tó ń béèrè ni ohun tí ẹni tó ní làákàyè ì bá ṣe ká ní òun ló wà nípò yẹn. Omi tó dà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn kò rí bákan náà pẹ̀lú omi tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni gílóòbù orí àtẹ̀gùn aránṣọ yẹn fi wà lókùnkùn, ayálégbé méjì sì ti pe ẹni tó ni ilé lórí fóònù nítorí rẹ̀. Tí mo bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ìpè fóònù méjì yẹn ni mo máa mú, torí ó fi hàn pé ọkùnrin náà mọ̀, ó sì láàyè láti tún un ṣe.

Ohun tí ẹni yẹn mọ̀ nípa yín náà wúlò. Òṣìṣẹ́ ibi ìtọ́jú ọkọ̀ kan wà ní Stepney, ní London, tí ojú rẹ̀ kan kò ríran, tí ọ̀gá rẹ̀ sì mọ̀. Ó fi òòlù lu bóòtù kan tó ti dípẹtà, ẹ̀rún irin ta sí ojú kan ṣoṣo tó kù fún un, ó sì fọ́jú. Àwọn agbanisíṣẹ́ ní kì í ṣe àṣà láti fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní awò ìdáàbòbò. Lọ́dún 1950, House of Lords ní ewu tó wà fún ẹni olójú kan ju ti ẹlẹ́yinjú méjì lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó mọ bẹ́ẹ̀ ti fún un ní awò. Ìdájọ́ yẹn ń wú mi lórí títí dòní, torí pé ẹni tó jókòó níwájú wọn ni wọ́n wò, wọn ò wo òṣìṣẹ́ tí kò sí níbì kankan. Tí ẹ bá ní àìlera kan, ẹ fi tó ọ̀gá yín létí, kó sì wà ní àkọsílẹ̀.

Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń dá ara wọn lẹ́bi kí adájọ́ tó dá wọn lẹ́bi. "Èmi náà kò wolẹ̀." "Mi ò de bẹ́líìtì." Nígbà kan, ọ̀rọ̀ yẹn tó láti pa ẹjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1809, ẹnì kan gbé òpó dábùú ọ̀nà, ọkùnrin kan tó ń sá ẹṣin bọ̀ lákọlákọ kọlù ú, ó ṣubú. Ilé ẹjọ́ ní kò ní gba kọ́bọ̀ torí òun náà kò ṣọ́ra. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1945 yí èyí padà, wọ́n ń pín ẹ̀bi báyìí ni. Lọ́dún 1975, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọn ní tí ẹni tó fara pa nínú ọkọ̀ kò bá de bẹ́líìtì, tí bẹ́líìtì ì bá sì ti gbà á sílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìpalára ì bá kàn dín kù dáadáa ni, ìdá 15. Ìyókù ṣì jẹ́ tirẹ̀. Torí náà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni níbi ìṣẹ̀lẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì fi pípín ẹ̀bi sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí wọn kì í tilẹ̀ béèrè ta ló jẹ̀bi. Jámánì ṣe òfin ìdójútòfò jàǹbá ẹnu iṣẹ́ lọ́dún 1884, owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá ni wọ́n fi ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tó fara pa. New Zealand ti mú un gbòòrò láti 1974 débi pé ìjọba ló ń tọ́jú ẹni tí jàǹbá bá ṣe, lẹ́nu iṣẹ́ tàbí níbòmíràn, òun náà kò sì lè pe ẹjọ́ láti gba owó ìpalára yẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò yín bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ wà níbi tí ẹ wà, torí ó máa ń yá ju ilé ẹjọ́ lọ.

Ní ti ohun tí ẹ pàdánù, owó ilé ìwòsàn nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà. Owó iṣẹ́ tí ẹ ò lè ṣe wà níbẹ̀, àti èyí tí ẹ ò ní lè ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ìrora wà níbẹ̀. Ẹni tó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa wẹ̀ yín, kó máa wọṣọ fún yín, òun náà wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1973, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó ìtọ́jú tí ìyá kan fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ọkọ̀ ẹrù ṣe lẹ́sẹ̀ léṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá náà kò gba owó lọ́wọ́ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí àwọn oníbàárà mi ra ìwé kékeré kan, kí wọ́n máa kọ ọ́ lálaalẹ́: lónìí mi ò lè di bọ́tìnì, lónìí àbúrò mi kò lọ síbi iṣẹ́ nítorí mi. Ẹ kọ déètì sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, tí wọ́n bá ń bi yín léèrè nílé ẹjọ́, ọkàn ò ní rántí oṣù wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ kí wọ́n tó nu ún, kí wọ́n tó pààrọ̀ gílóòbù. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó rí i. Ẹ tọ́jú bàtà tí ẹ wọ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Kí ẹ sì ṣọ́ ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà, torí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti rí fáìlì ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ "ó ṣubú nílé" sí. Ilé ta? Agbẹjọ́rò ẹnì kejì ní ilé ara rẹ̀ ni, gbólóhùn yẹn sì gbà wá ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ohun tó fà á, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àkókò náà kì í dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọdún 3 ni gbèdéke. Ní California, ọdún 2 ni, àmọ́ tó bá jẹ́ ìjọba ló ṣe yín léṣe, oṣù 6 péré lẹ ní láti fi ìwé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí wọn. Ọdún kan ni ti Sípéènì. Ẹ bi agbẹjọ́rò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì béèrè lọ́jọ́ kan náà iye tó máa gbà àti ìgbà tó máa gbà á.

Tí wọ́n bá gbé ìwé wá kí POP tó kúrò lára yín, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ lè gba ìbẹ̀ wọn, ẹ lè gba owó ilé ìwòsàn pàápàá, tí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ara gbèsè ni, kì í ṣe òpin rẹ̀. Kò sí dókítà tó lè sọ lọ́jọ́ kẹsàn-án bí ọrùn ọwọ́ ṣe máa rí ní oṣù kẹrin. Ìwé tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ṣòro láti fà ya nílé ẹjọ́, àyàfi tí a bá rí i pé irọ́ ni wọ́n fi mú yín fọwọ́ sí i.

Ìyẹn ni mo wá bi aránṣọ náà: kí lẹni yẹn sọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i? Ó ronú díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì ṣí fóònù rẹ̀ hàn mí. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́: "Dókítà mi ti wo ọ̀rọ̀ yín, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni, ọwọ́ yín á padà bọ̀ sípò pátápátá." Kò sí dókítà ọkùnrin yẹn kankan tó fojú kan ọwọ́ rẹ̀ rí, tàbí fọ́tò egungun rẹ̀. Lórí gbólóhùn yẹn la gbé ẹjọ́ lé, ẹjọ́ náà sì ṣì wà níwájú adájọ́.