Kí ẹ tó sanwó nítorí "òfin tuntun": ẹ wo ọjọ́ rẹ̀ àti ẹni tó ṣe é

Bí rédíò bá ti kéde láàárọ̀ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti sọ nǹkan kan dòfin, kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹnì kan á ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ tòun ti ìwé lọ́wọ́, á ní òfin ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mówó wá. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nílé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà kò ju pé wọ́n ka àbá òfin lẹ́ẹ̀kejì lọ. Àbá òfin kò lè mú ẹnikẹ́ni. Kò lè ti ṣọ́ọ̀bù, kò lè gba kẹ̀kẹ́, kò sì lè bu owó ìtanràn lé aláta.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣòfin 32 ló wà ní ilé ìgbìmọ̀ wa ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Ní kíkà àkọ́kọ́, àkọlé àbá náà ni wọ́n máa ń kà, kò sí àríyànjiyàn. Ní kíkà kejì ni wọ́n ń jiyàn bóyá ó dára àbí kò dára. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó máa ń lọ sọ́wọ́ kọmitíì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́jà, onímọ́tò tàbí lánlọ́ọ̀dù tí àbá kan máa kàn, ibi yìí ni kí ẹ ti lo agbára yín, nítorí bó bá kọjá ibẹ̀, ó ti le. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ nọ́ńbà abala tí ẹ ń bá wí, ẹ sọ ohun tí yóò ṣe fún iṣẹ́ yín gan-an, kí ẹ wá kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìwé tó kàn ń ṣépè fún ìjọba kì í yí nǹkan kan padà nínú àbá òfin.

Lẹ́yìn kíkà kẹta, ó di ọwọ́ gómìnà. Abala 100 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fún gómìnà ní ọjọ́ 30. Bó bá fọwọ́ sí i, ó di òfin. Bó bá kọ̀, ilé ìgbìmọ̀ lè tún un gbé kalẹ̀, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá sì fara mọ́ ọn, ìyẹn aṣòfin 22 nínú 32, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà níbẹ̀. Àmọ́ bí gómìnà bá kàn dákẹ́ títí ọjọ́ 30 fi pé, àbá náà kò sọ ara rẹ̀ dòfin o. Ọ̀pọ̀ ló ṣì í gbọ́ níbí.

Ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé òfin náà, nísàlẹ̀ àkọlé: wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síbẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ọjọ́ tí gómìnà fọwọ́ sí i ni.

Ẹ rántí Àmọ̀tẹ́kùn. Ìlú Ìbàdàn níbí ni àwọn gómìnà Yorùbá ti ṣí i lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, pẹ̀lú ọkọ̀ àti ariwo. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí mínísítà ètò ìdájọ́ l'Ábújá fi ní kò bófin mu. Ẹnu kò kò, àfi ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ padà sílé lọ ṣe òfin fún un. Oṣù kẹta ọdún náà ni ilé ìgbìmọ̀ tiwa parí tirẹ̀. Òfin yẹn ni Àmọ̀tẹ́kùn fi ń ṣiṣẹ́ títí dòní, kì í ṣe ayẹyẹ tí wọ́n fi ṣí i. Bí gómìnà pàápàá bá ṣe ìfilọ́lẹ̀, ó yẹ kí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nípa owó ìtanràn, abala méjì nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ni kí ẹ mọ̀ sórí. Abala 36(12) ní a ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí kò sí nínú òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀, tòun ti ìyà rẹ̀. Abala 4(9) ní ilé ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin ọ̀ràn tí yóò padà sẹ́yìn mú ènìyàn. Ká ní òfin kan tó ní kí ìsọ̀ jìnnà sí gọ́tà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà, tí ìsọ̀ yín sì ti wà lórí gọ́tà láti oṣù kẹta. Wọn ò lè bu owó oṣù kẹta sí ìkarùn-ún lé yín. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ náà bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì oṣù kẹfà, ẹ ti wọ inú ẹ̀ṣẹ̀, "ó ti pẹ́ níbẹ̀" kò sì ní gbà yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyẹn: wọ́n gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́, wọn ò gbọ́ ìkejì.

Bí òṣìṣẹ́ bá wá já ìwé lé yín lọ́wọ́, ẹ má bá a jà, ẹ má sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba ìwé, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Orúkọ òfin àti ọdún rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà abala tí wọ́n ní ẹ tẹ̀ lójú. "Gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọba" lásán kò tó. Iye owó ní láti wà, nọ́ńbà ìwé náà, ọjọ́, ọ́fíìsì tó kọ ọ́, àti ibi tí ẹ ti lè ta kò ó. Ẹ wá wo account tí wọ́n ní kí ẹ san án sí: bí ó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn ló wà níbẹ̀, ẹ dúró. Ẹ̀rọ POS náà ńkọ́? Orúkọ tó bá jáde lórí rìsíìtì kékeré yẹn ni ẹni tó gbowó yín, ẹ kà á kí ẹni náà tó kúrò níwájú yín. Àwọn òfin kan, pàápàá ti ojú pópó, gbà kí ènìyàn san owó ìtanràn láìdé kọ́ọ̀tù. Bí ẹ bá san án, ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò jẹ̀bi, ẹ ní kọ́ọ̀tù ni ẹ fẹ́, kódà kó jẹ́ kọ́ọ̀tù alágbèéká.

Ta ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó? Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn, márùn-ún nínú ìgboro, mẹ́fà lẹ́yìn odi, ṣọ́ọ̀bù tó wà létí ààlà a sì máa rí ìwé méjì gbà. Òfin Ìpìlẹ̀ fi ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ọmọlanke, bárò, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti òkú, àti owó orí ilé sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó fi ìsọ̀, búkà, ilé búrẹ́dì, ibi ìfọṣọ àti pátákó ìpolówó kún un. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe ló ń la bí wọn yóò ṣe gba owó orí ilé. Nítorí náà, bí àjọ ìpínlẹ̀ àti káńsù bá jọ béèrè owó pátákó kan náà, ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí àwọn méjèèjì, kí kálukú sọ abala òfin tó fún un láṣẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni pé ẹ ò kọ ọ́ ni.

Iná mọ̀nàmọ́ná ni àyípadà tó tóbi jù láwọn ọdún yìí, àwọn ènìyàn ò sì fiyè sí i tó. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n tún Òfin Ìpìlẹ̀ ṣe kí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Òfin iná ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tí àjọ tó ń mójútó iná l'Ábújá ti gbé iṣẹ́ náà fún. Èyí kò sọ pé iná yóò pọ̀ lọ́la. Iná tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ṣì wà lábẹ́ Àbújá. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń fọwọ́ sí iye owó tí ẹ ń san nílẹ̀ wa, àti ẹni tí ẹjọ́ yín yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí iléeṣẹ́ tó ń pín iná bá kọ etí ikún. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ ṣá o, pẹ̀lú ìwé. Ẹ kọ nọ́ńbà account, nọ́ńbà mítà, band (ìpele wákàtí iná) tí àdúgbò yín wà, àti wákàtí tí iná fi wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Band A ni wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ẹni tó bá kàn kọ "a ò rí iná" kò ní rí ìdáhùn gidi. Ẹni tó kọ "Tuesday, aago 6 ìdájí sí aago 9 òwúrọ̀" ti fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ló kù. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín yín, ẹni tó ń san owó ilé lọ́sẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjọ́ 7 kí wọ́n tó ní kó jáde, olóṣù lẹ́tọ̀ọ́ sí oṣù kan, ọlọ́dún sí oṣù mẹ́fà. Bí àkókò náà bá pé tí kò jáde, onílé yóò tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ 7 pé òun ń lọ sí kọ́ọ̀tù. Kọ́ọ̀tù nìkan ló lè lé e jáde. Onílé tó bá ṣí páànù, tó ti ilẹ̀kùn pa tàbí tó já wáyà iná ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Ìmọ̀ràn kan wà fún ayálégbé náà, nítorí àwọn lọ́yà kan ṣì ń fi èyí tan àwọn oníbàárà wọn: kí ẹ má gbójú lé àṣìṣe ọjọ́ lórí ìwé onílé. Lọ́dún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé bí wọ́n bá ti pe ayálégbé lẹ́jọ́ láti gba ilé, ìwé ìpẹ̀jọ́ náà ti tó ìkìlọ̀. Ẹni tó bá ń torí àṣìṣe kékeré jókòó sílé láìsanwó lọ́dún mẹ́ta, gbèsè ló ń kó jọ.

Owó ilé yín tún ti wọ inú owó orí báyìí. Òfin owó orí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2025 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló sì ń gba ti ẹni tó ń gbé Ìbàdàn. A kì í gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé yín ọdọọdún yóò kúrò nínú owó tó ń wọlé fún yín, iye tó kúrò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó ń gba ₦1,800,000 lọ́dún, tó ń san ₦600,000 fún ilé, yóò yọ ₦120,000. Ó ku ₦1,680,000. Bí a bá yọ ₦800,000, ó ku ₦880,000, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦132,000. Bí kò bá sọ ti ilé, ₦150,000 ni, ká tó yọ owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn yòókù. Nítorí náà, rìsíìtì tí kíátékà kọ sórí bébà lásán, tí kò ní orúkọ onílé, àdírẹ́sì ilé, iye owó àti ọdún tí owó náà wà fún, ẹ dá a padà kó tún un kọ.