Kì í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Ń Gba Ara Wa Kọjá Ló Ń Ṣe Wá Léṣe

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà tí kì í kú lórí WhatsApp. Á ní lóru òní, láti aago méjìlá ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀, ìtànṣán búburú láti ojú sánmà máa kọjá nítòsí ayé, kí kálukú pa fóònù rẹ̀, kó gbé e jìnnà sí ara. Bó bá ti dé Òṣogbo báyìí, àwọn ìyá á fi ránṣẹ́ sọ́mọ, ọmọ á fi ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́. Irọ́ pátápátá ni. Ìgbàgbọ́ tó gbé irọ́ náà ró ló ká mi lára jù: pé ohunkóhun tá ò rí, tó sì lè gba ara èèyàn kọjá, apani ni.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dúró sínú ara, tó da agbára rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ló ń ṣe ara léṣe. X-ray tó bá gba ara kọjá ló ń ya àwòrán. Èyí tí ẹran àti egungun bá gbà mọ́ra ló lè pani lára. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ọsibítù fi ń bọ́ sẹ́yìn ògiri kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ wá wo neutrino, ẹyọ ohun tín-ín-tín tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, tí kò sì ní iná mànàmáná nínú. Láti inú oòrùn nìkan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 65 ló ń gba ojú èékánná àtàǹpàkò yín kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lóru ńkọ́? Nígbà yẹn, oòrùn ti wà lódìkejì ayé, nítorí náà abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà jáde. Ẹni tó sùn sórí ẹní l'Òkè-Fíà, wọ́n á gba sìmẹ́ńtì, gba ẹní, gba ẹ̀yìn rẹ̀, gba páànù jáde lọ. Bóyá ni ẹyọ kan fi máa kọlu átọ́ọ̀mù kan nínú ara rẹ̀ títí ayé rẹ̀ fi máa pé.

Àwa náà ń tú irú rẹ̀ jáde. Pòtásíọ́mù wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń sun bọ̀ọ̀lì l'Ọlá-Ìyá, ó sì wà lára wa. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ pòtásíọ́mù-40, tó máa ń fọ́ fúnra rẹ̀: ó lé ní 4,000 átọ́ọ̀mù nínú ara àgbàlagbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn ń ju electron kan (ẹyọ tín-ín-tín tó ní iná mànàmáná) àti antineutrino kan (òdìkejì neutrino) sílẹ̀. Electron á dúró sára. Antineutrino á fò lọ. (Ẹ fọkàn balẹ̀ jẹ bọ̀ọ̀lì yín; ara kì í jẹ́ kí pòtásíọ́mù ju bó ṣe yẹ lọ.)

Àìdúró yìí ló ń fojú àwọn onímọ̀ rí màbo. Ní Kamioka, Japan, omi 50,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó sínú ihò kùsà kan lábẹ́ òkè láti fi mú neutrino, síbẹ̀ nǹkan bíi 15 neutrino oòrùn ni wọ́n ń rí mú lójúmọ́. Nínú ihò kùsà kan náà, wọ́n tún ti ṣọ́ xenon-136, irú gáàsì xenon kan tó máa ń ju electron méjì àti antineutrino méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí neutrino àti antineutrino bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo, bí Ettore Majorana, onímọ̀ físíìsì ará Ítálì, ṣe dá a lábàá ní 1937, ó yẹ kí antineutrino méjèèjì pa ara wọn rẹ́ nígbà míì, kí electron méjì nìkan jáde. Wọn ò tíì rí i.

Ti sterile neutrino, irú neutrino kan tí àwọn onímọ̀ kàn ń rò pé ó lè wà, tiẹ̀ tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bó bá wà, òun ò ní kọlu átọ́ọ̀mù bíi tàwọn yòókù rárá. Ìwádìí MicroBooNE l'Amẹ́ríkà kò rí àmì rẹ̀ nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2021.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rù ohun kan láti ojú sánmà, ìtànṣán oòrùn ọ̀sán tí awọ ara ń dá dúró ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, pàápàá fún àwọn àfín tó ń tajà ní gbangba l'Ọjà Ọba. Fìlà etí gbòòrò àti aṣọ alápá gígùn ni wọ́n nílò, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ òru.