Bí oògùn inú àwọn ọmọ ogun Bolívar ṣe di Angostura

Ẹni tó bá ti jókòó sí ilé ọtí kan l'Ékòó, tó ní kí wọ́n po Chapman fún òun, ó ṣeé ṣe kó ti mu oògùn inú láìmọ̀. Lẹ́yìn Fanta, Sprite, omi ṣúgà pupa àti ègé kùkúḿbà, agbọ́tí á mú ìgò kékeré kan tí wọ́n fi ìwé funfun wé, á kán an sínú ife díẹ̀díẹ̀. Angostura bitters ni wọ́n ń pe ohun tó ń kán yẹn. Ilé ọtí kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ológun létí odò Orinoco, ní ilẹ̀ Venezuela, ni wọ́n ti ṣe é ní 1824.

Johann Gottlieb Benjamin Siegert ni dókítà tó ṣe é. Ọmọ Jámánì ni, agbègbè Silesia ni wọ́n ti bí i ní 1796, ó sì ti ṣe dókítà ogun nígbà tí wọ́n ń bá Napoleon jà. Ní 1820 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí Simón Bolívar ti ń bá Sípéènì jà kí àwọn èèyàn ibẹ̀ lè gba òmìnira. Angostura, ìlú kan tó wà níbi tí odò Orinoco ti fún, ni Bolívar fi ṣe ibùdó. Ibẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ ńlá tó pè ní 1819 ti jókòó. Ilé ìwòsàn ológun ìlú yìí ni wọ́n fi Siegert ṣe olórí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ogun mọ̀ pé ìbọn nìkan kọ́ ló ń pa ọmọ ogun. Nínú àwọn tó wà lọ́wọ́ Siegert, àwọn kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áyálándì wá fi ara wọn sílẹ̀ fún ogun náà. Ooru ibẹ̀ kò mọ́ wọn lára, oúnjẹ ibẹ̀ náà kò mọ́ wọn lára. Ibà ń ṣe wọ́n, inú ń run wọ́n, oúnjẹ kò dà, nígbà tó bá yá ẹnu wọn kò ní gba nǹkan kan mọ́. Siegert bẹ̀rẹ̀ sí í dán egbò àti ewé wò. Ọdún mẹ́rin ló fi pò ó, tó ń tún un pò, kó tó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Amargo Aromático ló sọ ọ́ ní èdè Sípéènì: ohun kíkorò olóòórùn dídùn.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ro ti kíkorò o. Egbò gentian, tó ń hù lórí àwọn òkè Yúróòpù, wà nínú àpòpọ̀ rẹ̀, àwọn ará Róòmù sì ti mọ egbò yẹn tipẹ́tipẹ́. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́ kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Gentius, ọba Illyria, ló ṣàwárí rẹ̀, àti pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ewéko náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Richard Stoughton ti gba ìwé àṣẹ ọba lórí omi kíkorò tiẹ̀ fún inú ní 1712, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú Siegert. Ohun tí gbogbo wọn ń lépa kò le lóye. Bí kíkorò bá kan ahọ́n, itọ́ á sun, ikùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi tó fi ń da oúnjẹ jáde, bí ìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí ilé ìdáná pé àlejò ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ ewúro tí wọn kò fọ̀ jù mọ ohun tí mò ń sọ. Kí ara rọ ikùn láti gba oúnjẹ ni iṣẹ́ kíkorò. Ẹni tí ọgbẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Ìgò yìí kò lè ran an lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní angostura ni wọ́n fi ṣe é. Igi yẹn wà lóòótọ́, àwọn àlùfáà Kátólíìkì tó wà lágbègbè náà sì ti ń fi èèpo rẹ̀ wo ibà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bitters náà ní kò sí èèpo igi yẹn nínú tiwọn. Orúkọ ìlú ni wọ́n mú. Àwọn tó mọ àpòpọ̀ náà délẹ̀ kò pọ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Àṣà yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá alágbo wo ló máa ka gbogbo egbò tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ fún oníbàárà?

Nǹkan kan ló wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò. Ọtí líle ni Siegert fi fa agbára àwọn egbò náà jáde. Títí dòní, nǹkan bí 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ìgò yẹn ló jẹ́ ọtí. Ọtí máa ń fa kíkorò jáde dáadáa, kì í sì í jẹ́ kó bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Àwọn alágbo wa mọ èyí: wọ́n ní agbo olómi, wọ́n ní èyí tí wọ́n fi omi ògì rẹ, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló di paraga ní ibùdókọ̀, tí awakọ̀ á gbé e mì ní òwúrọ̀ kùtù, tó sì ń pè é ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Nígbà tí ọtí bá ti wà nínú oògùn, àtimọ èyí tí ẹni tó ń mu ún ń wá kì í rọrùn.

Odò ló gbé ti Siegert jáde. Angostura jẹ́ èbúté, àwọn atukọ̀ tí inú wọn ń rú lójú òkun sì ń rà á. Ní nǹkan bí 1830 ó ti ń dé Trinidad àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń kán an sínú jíìnì wọn, wọ́n ní nítorí inú rírú ni. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní pink gin. Bí oògùn ṣe bọ́ sínú ife ọtí nìyẹn, kò sì padà jáde mọ́.

Wọ́n yí orúkọ ìlú náà padà sí Ciudad Bolívar ní 1846, àmọ́ ìgò di orúkọ àtijọ́ mú. Siegert fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó gbájú mọ́ òwò, ó sì kú ní 1870. Rògbòdìyàn ìṣèlú Venezuela kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rímú mí, ni wọ́n bá kó gbogbo iṣẹ́ náà lọ sí Port of Spain, ní Trinidad, ní 1875. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ìwé ara ìgò tó tóbi ju ìgò lọ, tó fi ń bo ọrùn rẹ̀, wọ́n ní ọmọ ìyá méjì ló pín iṣẹ́ ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sí ìdíje: ọ̀kan mú ìgò, èkejì mú ìwé, wọn kò sì bi ara wọn bó ṣe máa tóbi tó. Nígbà tí wọ́n máa rí i, àyè àtiṣe òmíràn kò sí mọ́. Wọ́n pàdánù ìdíje náà, ọ̀kan lára àwọn onídàájọ́ sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an o, bóyá wọ́n kàn ń fi í tajà ni, mi ò bá wọn jà sí i. Ìwé náà ṣì tóbi.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọtí láti 1920, àwọn èèyàn wá ọgbọ́n dá. Ní Washington Island, erékùṣù kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tom Nelsen ní ilé ọtí. Ó gba ìwé àṣẹ apòògùn, ó sì ń ta Angostura fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn inú. Kì í ṣe kíkán o, ife kékeré ló ń bù fún wọn. Òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1933. Àwọn ará erékùṣù náà kò dá a dúró. Àlejò tó bá dé Nelsen's Hall lónìí, tó gbé ife Angostura kan mì, á gba káàdì pé ó ti di ọmọ ẹgbẹ́.