Bílíọ̀nù àgbá lábẹ́ ilẹ̀, mélòó ló ń jáde lójúmọ́?

Ẹni tó bá ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí á rí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Nàìjíríà kéde pé àgbá bílíọ̀nù 37 wà lábẹ́ ilẹ̀ òun, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ yìí ti ra epo rọ̀bì láti Amẹ́ríkà.

Iye tí ìjọba ń kéde kì í ṣe gbogbo epo tó wà nínú àpáta. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló sábà máa ń ṣeé fà jáde. Ìyókù á lẹ̀ mọ́ àpáta. Kìkì èyí tó dájú pé irinṣẹ́ òní lè fà jáde, tí owó ọjà sì máa bo ìnáwó rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n kà. Bí owó epo bá já wálẹ̀, iye náà lè dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa epo kankan.

Òṣèlú náà wà níbẹ̀. Láti 1982, nígbà tí OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, bẹ̀rẹ̀ sí í pín iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè wa, ẹni tó bá kéde epo púpọ̀ lè retí ìpín ńlá. Ní 1985, Kùwéètì fi ohun tó lé ní bílíọ̀nù 20 àgbá kún tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìráàkì, Ìráànì àti Fẹnẹsúélà tẹ̀ lé e. Nígbà tí 1990 fi máa dé, Sáúdì ti kúrò ní bíi bílíọ̀nù 170, ó ti kọjá bílíọ̀nù 250. Irú àfikún báyìí gba kí èèyàn fura sí i gan-an.

Fẹnẹsúélà kéde ohun tó lé ní bílíọ̀nù 300, síbẹ̀ ní 2023 kò wa mílíọ̀nù kan lójúmọ́. Epo agbègbè Orinoco níbẹ̀ ki bí ọ̀dà: bí wọn ò bá fi epo fẹ́ẹ́rẹ́ là á, kò ní gba inú páìpù kọjá. Amẹ́ríkà, tí tirẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn, ń wa bíi mílíọ̀nù 13, torí ó ń gbẹ́ kànga tuntun láìsinmi.

Bí a bá fi àgbá mílíọ̀nù kan àbọ̀ lójúmọ́ pín 37 bílíọ̀nù ti Nàìjíríà, nǹkan bí ọdún 68 ló máa jáde. Àmọ́ kànga kì í tú bákan náà títí: bí wọ́n ṣe ń fà á, agbára tó ń ti epo sókè ń dín kù, omi á sì máa bá epo jáde. Àwọn olè ń lu páìpù. Nínú èyí tó bá sì dé èbúté, ìjọba ti fi apá kan yáwó ṣáájú, nítorí náà ó ti ní olówó kí ilé-iṣẹ́ ìfọpo tó béèrè.