Ẹrù Ọwọ́ Nínú Bàálù: Ìwọ̀n Tó Wà Lórí Ìwé àti Ìwọ̀n Tí Wọ́n Ń Wọ̀n Lẹ́nu Géètì

Ìbéèrè tí àwọn èrò máa ń bi àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu káńtà pápákọ̀ òfuurufú lemọ́lemọ́ ni pé báwo ni báàgì tí ènìyàn fẹ́ gbé wọ inú bàálù ṣe gbọdọ̀ tóbi mọ. Wọ́n máa ń béèrè é bí ẹni pé òfin kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìwọ̀n tirẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú àdéhùn tó bá tíkẹ́ẹ̀tì rìn, ẹni tó bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ti gbà á, yálà ó kà á tàbí kò kà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, IATA, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, gbìyànjú láti gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ fún gbogbo wọn: sẹ̀ǹtímítà 55 ní gíga, 35 ní fífẹ̀, 20 ní nínípọn. Ariwo tó tẹ̀ lé e, pàápàá láti Amẹ́ríkà, pọ̀ débi pé oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi dá ètò náà dúró.

Ẹ wo díẹ̀ nínú àwọn tó ń kó èrò wọ Èkó. British Airways gba báàgì tí gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 56 lọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 45 lọ, tí nínípọn rẹ̀ kò sì ju 25 lọ, ó sì lè wúwo tó kílò 23, bí ẹni tó ni ín bá ti lè fúnra rẹ̀ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Virgin Atlantic, tí òun náà ń lọ sí London, dín fífẹ̀ kù sí 36 àti nínípọn kù sí 23, kílò 10 péré ló sì fún ẹni tó jókòó ní ẹ̀kọ́nọ́mì. Emirates fi tirẹ̀ sí 55, 38 àti 22, pẹ̀lú kílò 7. Ethiopian Airlines àti Turkish Airlines gba 55, 40 àti 23, ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú kílò 7, ti èkejì pẹ̀lú kílò 8. Báàgì kan náà lè wọ inú bàálù ti èkíní láìsí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì dá a padà lẹ́nu ti èkejì ní ọjọ́ kan náà, ní Ìkẹjà kan náà. Wọ́n sì máa ń yí àwọn ìwọ̀n yìí padà, nítorí náà ohun tó wà lójú ìwé ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rìn ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gbára lé ohun tí ẹ̀gbọ́n yín tó rìn lọ́dún tó kọjá sọ.

Àyè ló bí òfin yìí. Boeing 737-800 tí Ryanair, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú ní Yúróòpù, ń lò ní ìjókòó 189, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù òkè inú rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí báàgì onítáyà 90 lọ. Bí gbogbo èrò bá gbé irú báàgì bẹ́ẹ̀ dání, nǹkan bí ìdajì wọn kò ní rí ibi gbé e sí, bàálù náà yóò sì dúró sórí ilẹ̀ kọjá àkókò rẹ̀ nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń ti ẹrù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wàhálà náà le sí i láti ọdún 2008, nígbà tí American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 15 lórí báàgì àkọ́kọ́ tí èrò bá fi sí ikùn bàálù, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò fẹ́ sanwó kó ẹrù rẹ̀ sókè, kọ́bọ́ọ̀dù kò sì fẹ̀ sí i nítorí ìyẹn.

Ti ìwúwo ní ìdí tirẹ̀. Báàgì tó wúwo lè já bọ́ lu ẹni tó jókòó nísàlẹ̀, ó sì lè fa ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ tó bá bá yín gbé e. Ní àfikún, àwọn tó ń ṣírò ìwúwo bàálù kí ó tó gbéra kì í wọn èrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n àpapọ̀ tí aláṣẹ fọwọ́ sí ni wọ́n ń lò. Ní Yúróòpù, kílò 84 ni wọ́n lè kà fún àgbàlagbà kan nínú bàálù tí ìjókòó rẹ̀ bá tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù ọwọ́ onítọ̀hún sì wà nínú 84 náà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Finnair, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti Finland, wọn àwọn èrò tó yọ̀ǹda ara wọn ní Helsinki pẹ̀lú báàgì ọwọ́ wọn, kí ìṣirò náà lè bá bí àwọn ènìyàn ṣe ń rìn nísinsìnyí mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èrò wa ti ń ṣubú ni ọjà. Àwọn tó ń ta báàgì ní Balógun yóò sọ fún yín pé báàgì yìí jẹ́ íǹṣì 20, tàbí íǹṣì 22, wọn kò sì purọ́. Ara báàgì nìkan ni nọ́ńbà náà sábà máa ń tọ́ka sí, láìka táyà àti ọwọ́ tí a fi ń fà á. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ní tirẹ̀, ń wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ táyà dé òkè ọwọ́ tí a ti tẹ̀ wọlé, ó sì ń ka àpò ìta tí ẹ ti ki bàtà àti ṣájà sí mọ́ nínípọn rẹ̀. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Báàgì tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 20, tí táyà àti ọwọ́ bá fi íǹṣì méjì kún un, ti di 55.88, ìyẹn sì ti kọjá 55 kó tó di pé ẹ fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní íǹṣì 22 lè sún mọ́ 61 lọ́nà kan náà. Téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn ara ní íǹṣì lójú kan àti sẹ̀ǹtímítà lójú kejì. Ẹ mú un dání lọ sọ́jà, kí ẹ sì wọn báàgì lórí ìdúró kí ẹ tó sanwó.

Ẹ gbé e wò pẹ̀lú lófìfo. Báàgì líle onítáyà lè gba kílò mẹ́ta fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n sì fún ní kílò 7 kò ní ju mẹ́rin lọ tó ṣẹ́kù fún ẹrù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀n kan àti ike èlùbọ́ méjì ti tó láti jẹ ìyẹn tán. Fún ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ oníkílò 7 tàbí 8 rìn, èmi yóò yan báàgì aláṣọ tí kò ní táyà, nítorí ó fúyẹ́, ó sì ṣeé tẹ̀ mọ́ra nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ kì í bọ inú férémù onírin tí wọ́n fi ń wọn báàgì.

Ibi mẹ́ta ni ọwọ́ ti lè tẹ báàgì yín. Àkọ́kọ́ ni káńtà, níbi tí a ti ń gbé e sórí òṣùwọ̀n, tí a sì lè so lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni ẹnu géètì, níbi tí férémù onírin náà wà: bí báàgì bá wọ inú rẹ̀ tó sì jáde láìjà, ẹ ti yege, bí táyà bá há, a kò ní ka ariyànjiyàn sí. Ẹ̀kẹta ni inú bàálù gan-an. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹrù ọwọ́ wọlé láìjẹ́ pé wọ́n ti fojú yẹ bí ó ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe pọ̀ tó wò, wọn kò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn bàálù láti ṣí kúrò títí òṣìṣẹ́ kan yóò fi rí i dájú pé gbogbo rẹ̀ ti wà ní ipò tó yẹ.

Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì. Lẹ́nu káńtà, ẹ ṣì lè ṣí báàgì, kí ẹ kó ìwé àti bàtà sínú báàgì ńlá, kí ẹ fún ẹni tó sìn yín wá ní èyí tó ṣẹ́kù. Lẹ́nu géètì, báàgì ńlá ti lọ, ẹni tó sìn yín wá ti dé Oṣòdì, iye tí wọn yóò bù fún yín sì sábà máa ń ju ti káńtà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì pé, kódà bí ìwé ìwọkọ̀ rẹ̀ bá ti wà lórí fóònù, kó gbé báàgì náà wá sí káńtà fúnra rẹ̀ kó sì ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá sì sanwó, ẹ gba rìsíìtì. Ohun kan wà tí mo kórìíra láti rí lórí ìlà géètì: kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù máa bẹ ẹni tí kò mọ̀ rí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú èyí dání." Ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ẹrù náà, ọwọ́ ẹni tó gbé e ni wọ́n bá a.

Àwọn èrò máa ń fi ẹ̀sùn ojúsàájú kàn wá nítorí pé wọ́n rí báàgì tó tóbi ju tiwọn lọ tó kọjá láìsí ìbéèrè. Nígbà mìíràn wọ́n tọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bí bàálù ṣe kún tó àti irú bàálù tó jẹ́ ló ń pinnu bí a ṣe le tó. Nígbà tí ìjókòó bá pọ̀ lófìfo, férémù lè wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má yà sí i. Nínú ERJ 145, tí í ṣe bàálù kékeré, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kọ́bọ́ọ̀dù òkè wà, ó sì kéré. Nínú ATR 72, tí òun náà kéré, báàgì onítáyà tó wọ Boeing 777 láìjà kò ní rí ibi gbà. Ẹni tó dé láti òkè òkun, tó sì fẹ́ wọ bàálù kékeré lọ sí ìlú mìíràn nílé, kò yẹ kó ya á lẹ́nu pé wọ́n gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

Owó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ryanair sọ ní gbangba pé òun ń fún àwọn òṣìṣẹ́ géètì ní ẹ̀bùn lórí báàgì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú pé ó ju ìwọ̀n lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ẹ̀bùn náà kúrò ní yúrò 1.50, ó di 2.50. Èrò tí wọ́n bá mú lè san tó yúrò 75. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ so mọ́ àṣìṣe èrò kò lè fi ojú kan náà wo táyà tó há díẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ tó kan Vueling, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti Spain, pé ẹrù ọwọ́ tí ìwọ̀n àti ìwúwo rẹ̀ bá mọ níwọ̀n jẹ́ ara ohun tí a kò lè yà kúrò lára gbígbé èrò, a kò sì gbọdọ̀ gba owó mìíràn lórí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba Spain bu owó ìtanràn mílíọ̀nù yúrò 179 lé ilé-iṣẹ́ márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ryanair, easyJet àti Vueling sì wà lára wọn. Títí di báyìí, báàgì kékeré tó ń lọ sábẹ́ ìjókòó nìkan ni Ryanair ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́, 40, 30 àti 20.

Èyí ló ń mú àwọn ènìyàn wa tó ń gba London kọjá. Ẹni tó gbé báàgì 56, 45 àti 25 láti Èkó, tó kún dé kílò 20, kò rú òfin British Airways kankan. Bó bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́tọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú Stansted ní London lọ sí Dublin lọ́wọ́ Ryanair, tó sanwó kún un láti gbé báàgì ńlá wọlé, 55, 40, 20 àti kílò 10 ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, báàgì rẹ̀ sì ti kọjá ìwọ̀n ní gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n tó kéré jù lójú ọ̀nà ni kí ẹ fi di ẹrù láti ilé. Kódà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù tí ẹ ó wọ̀ gan-an, nítorí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò dúró lẹ́nu géètì.

Bí wọ́n bá gba báàgì náà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbé e lọ sí ikùn bàálù, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì kúrò. Power bank kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ rárá, torí bí bátìrì lithium bá gbiná níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju watt-hour 100 lọ (watt-hour ni a fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà) láìgba àṣẹ ilé-iṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára jẹ́ nǹkan bí watt-hour 74. Ẹ yọ oògùn, páspọ́ọ̀tù, owó àti wúrà pẹ̀lú. Ẹ béèrè bóyá ẹnu ilẹ̀kùn bàálù ni wọn yóò ti dá a padà fún yín nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, tàbí ibi ìgbẹrù ní ìlú tí ẹ ń lọ.

Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìgba ìdajì lébẹ́ẹ̀lì tó ní nọ́ńbà. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, báàgì tó wà lọ́wọ́ yín kò kan ilé-iṣẹ́ àyàfi bó bá jẹ́ pé àìṣedéédéé tirẹ̀ ló bà á jẹ́; ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti so lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn tí wọ́n sì gbà á, ó ti wà ní ìkáwọ́ wọn, wọ́n sì lè san tó SDR 1,519 lórí èrò kan, SDR tí í ṣe owó ìṣirò àjọ IMF. Bí báàgì náà bá bàjẹ́, ẹ ní láti fi ẹ̀hónú yín ránṣẹ́ sí wọn ní kíkọ láàárín ọjọ́ 7 tí ẹ gbà á. Bó bá sì pẹ́ dé, ọjọ́ 21 ni láti ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó jáde ní gbọ̀ngàn ìgbẹrù, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀sùn níbẹ̀.