Ta Ni Yóò San Owó Oṣù Lẹ́yìn Tí Apàṣẹwàá Bá Lọ?

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí orílẹ̀-èdè kan fi ogun yọ apàṣẹwàá tó ń ni ará ìlú òmíràn lára nípò? Ti òfin kò gba àlàyé púpọ̀: ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò gbà kí orílẹ̀-èdè kan gbógun wọ òmíràn, àyàfi bí ó bá ń gbèjà ara rẹ̀ tàbí bí Ìgbìmọ̀ Aláàbò bá fàṣẹ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọjọ́ kejì ìṣẹ́gun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni ìnilára wà, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yọ ọ́ nípò, òmìnira dé nìyẹn. Àṣìṣe tó ń pa ènìyàn ni. Ìjọba tó ń fìyà jẹ ará ìlú náà ni ó ń san owó oṣù, òun ni ó sì ń ṣọ́ àwọn ilé ohun ìjà. Òpó tí ikán ti jẹ ni, ṣùgbọ́n òun ni òrùlé gbára lé. Ẹni tó bá fà á yọ láìkọ́kọ́ ri òmíràn mọ́lẹ̀ yóò wó ilé lé àwọn tó fẹ́ gbà là lórí. Apàṣẹwàá sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún hú gbogbo òpó mìíràn dànù: ẹgbẹ́ alátakò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ilé ẹjọ́ tó dá dúró.

Ní Ìráàkì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, Paul Bremer, tí Amẹ́ríkà fi ṣe olórí ìṣàkóso ibẹ̀, lé àwọn àgbà ẹgbẹ́ Baath, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú Saddam Hussein tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ogun yọ nípò, kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, ó sì tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọkùnrin tó mọ ìbọn lò di aláìníṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ lára àwọn ọ̀gá wọn sì di aṣáájú nínú ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS nígbẹ̀yìn.

Ti Líbíyà ni ó kọni lóminú jù. Ní ọdún 2011, Ìpinnu Ìgbìmọ̀ Aláàbò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1973, tí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá fọwọ́ sí tí márùn-ún kò sì dá sí i, yọ̀ǹda pé kí wọ́n dáàbò bo ará ìlú, ṣùgbọ́n ó ka kí ọmọ ogun àjèjì gba ilẹ̀ náà léèwọ̀. Ìlànà tó tọ́ ni, nítorí pé ìgbàlà kò gbọdọ̀ di ìmúnisìn. Síbẹ̀, òun kan náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà nílẹ̀ láti ṣọ́ ohun ìjà Gaddafi, olórí Líbíyà, nígbà tí ìjọba rẹ̀ ṣubú. Àwọn Tuareg, ẹ̀yà kan ní aṣálẹ̀ Sàhárà, tó ti jagun fún un kó lára rẹ̀ lọ sí Màlì, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012.

Ní Gáḿbíà, ní ọdún 2017, Yahya Jammeh, ààrẹ tó kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀, fi ìlú sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí ọmọ ogun ECOWAS wọlé. Agbára ìbọn nìkan kọ́. Adama Barrow ti wọlé ìbò ṣáájú, olórí ọmọ ogun ilẹ̀ náà sì ti sọ pé àwọn ọmọ ogun òun kò ní jà, nítorí náà ẹni tí yóò gba ìjọba ti wà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kò sì tú ká.